Ohun tó ń yọ́ eegun ìdí implant: ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ eyín kọ́ mi ní Yàgbà, Ìjùmú àti Kàbà

Eegun ìdí implant (irin tí wọ́n ń gbìn sínú eegun àgbọ̀n kó lè di gbòǹgbò fún eyín àtọwọ́dá) kì í dunni nígbà tó bá ń yọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní implant lẹ́nu, láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, kọ́kọ́ fi sọ́kàn nìyẹn. Eyín àdámọ́ni tó bá ń jẹrà máa ń jẹ́ kí olówó rẹ̀ mọ̀: omi tútù á máa ta á, oorun kò ní í ṣeé sùn lóru. Implant kò ní iṣan tó ń gbé ìrora. Kráùn, ìyẹn orí eyín àtọwọ́dá tí wọ́n dè mọ́ implant, lè dúró gírígírí, èèyàn á máa fi jẹ ẹran, kí eegun tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ti dín kù dé ìlàjì. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé fọ́tò X-ray tí wọ́n yà lọ́jọ́ tí wọ́n de kráùn ṣe pàtàkì ju oògùn èyíkéyìí tí a lè lò lẹ́yìn náà lọ. Bí a kò bá mọ ibi tí eegun wà lọ́jọ́ kìíní, a ò lè sọ bóyá ó ti sá lọ tàbí ibẹ̀ ló ti wà tẹ́lẹ̀.

Ní apá ọ̀dọ̀ wa ní ìpínlẹ̀ Kogi, ọ̀rọ̀ yìí le ju ti ìlú ńlá lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú implant tí à ń rí lẹ́nu àwọn èèyàn wa ní Mọ̀pà, Ìsánlú, Ìyàrà tàbí Odò-Ẹrẹ̀ ló jẹ́ pé Àbújá, Èkó, Ìlọrin tàbí òkè òkun ni wọ́n ti ṣe é. Àwọn ọmọ ló máa ń dáwó jọ, wọ́n á mú ìyá tàbí bàbá lọ, wọ́n á sì dá wọn padà sílé nígbà tí eyín bá ti wọlé. Eyín á dé, ìwé rẹ̀ kò ní í bá a dé. Nígbà tí èrìgì ìyá bá wá ń ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì, ẹni tó wà nítòsí láti wò wọ́n kò mọ irú implant tó jẹ́, kò mọ bó ṣe gùn tó, kò sì ní fọ́tò àtijọ́ tó lè gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun.

Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ṣe é, ẹ gba nǹkan wọ̀nyí: orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe implant náà, ìbú àti gígùn rẹ̀ ní mìlímítà, nọ́ńbà tó wà lára páálí rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n gbìn ín, ọjọ́ tí wọ́n de kráùn, bóyá síkúrù ni wọ́n fi dè é tàbí sìmẹ́ńtì, iye Ncm (ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń yí síkúrù le) tí wọ́n fi dè é, àti fọ́tò X-ray méjì, ti ọjọ́ ìgbìn àti ti ọjọ́ kráùn. Ẹ yà á sórí fóònù, kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Orúkọ ilé iṣẹ́ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ afẹ́ rárá. Orí síkúrù kan lè gba irin onígun mẹ́fà tó jẹ́ 1.22 mìlímítà, kí òmíràn gba 1.27. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí a bá fi èyí tó kéré tú èyí tó tóbi, igun inú síkúrù á fá dànù, kò sì ní í ṣeé tú mọ́ àfi bí a bá ba kráùn jẹ́.

Implant fúnra rẹ̀, síkúrù titanium ni. Èyí tó wọ́pọ̀ gùn ní mìlímítà 8 sí 13, ó sì fẹ̀ ní 3.5 sí 5. Eyín àdámọ́ni kò lẹ̀ mọ́ eegun ní tààrà: okùn tín-ín-rín tí ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín wọn kọjá ló so gbòǹgbò rẹ̀ mọ́ eegun. Implant kò ní okùn yẹn. Bí òpó tí a rì mọ́lẹ̀ ló ṣe wà, eegun ló di í mú. Èrìgì tó yí i ká náà kò fi okùn wọ ara rẹ̀ bó ṣe ń wọ ara gbòǹgbò eyín, ńṣe ló kàn rọ̀gbà yí i ká. Kòkòrò tó bá ti gba èrìgì kọjá ń tètè dé eegun lẹ́bàá implant ju ti eyín lọ.

Kì í ṣe dandan kí eegun yọ́ o. Gösta Larsson, ará Sweden tí Per-Ingvar Brånemark, aṣáájú nínú iṣẹ́ implant titanium, fi implant sí lẹ́nu ní Gothenburg ní 1965, lò ó títí ó fi kú ní 2006. Eegun máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀ ní ọdún kìíní bí ara ṣe ń bá irin tuntun náà mọ́wọ́. Láyé ìgbà tí Albrektsson, olùwádìí nípa implant, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi òṣùwọ̀n wọn lélẹ̀ ní 1986, wọ́n ń fàyè gba nǹkan bíi mìlímítà kan sí ọ̀kan ààbọ̀ ní ọdún kìíní, lẹ́yìn náà kó má ju 0.2 mìlímítà lọ lọ́dún. Lónìí, bí iṣẹ́ bá dára, ti ọdún kìíní pàápàá kì í tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá tún ń lọ lẹ́yìn ìyẹn, ohun kan ló ń lé e, iṣẹ́ wa sì ni ká wá ohun náà rí.

Èyí tó ń lé e jù ni ìdọ̀tí eyín, ìyẹn èérí rírọ̀ tó kún fún kòkòrò tó máa ń lẹ̀ mọ́ ibi tí èrìgì àti kráùn ti pàdé. Ìpele méjì ni wàhálà rẹ̀ ní. Ní ìpele kìíní, èrìgì nìkan ló ń bínú: ó pupa, ó wú, ó ń ṣẹ̀jẹ̀ bí a bá fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n eegun ṣì wà níbi tó wà. Ìpele yìí ṣeé wò pátápátá. Bí a bá fọ ibẹ̀ mọ́ tí olówó rẹ̀ sì ń fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, èrìgì á padà sípò, ṣùgbọ́n ó lè gbà ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má jáwọ́ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Ní ìpele kejì, eegun ti ń lọ. Ọyún lè máa jáde, kòtò lè ti wà láàárín èrìgì àti irin. Ohun tó burú nínú ìpele yìí ni pé kì í rìn ní ìwọ̀n kan náà. Ó lè rọra fún ìgbà díẹ̀, kó sì wá sáré. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ tí èèyàn bá fi jẹun, kì í ṣe ìgbà tí implant bá ti gbó.

Ẹni tí àrùn èrìgì ti mú eyín rẹ̀ bọ́ rí ló yẹ ká ṣọ́ jù. Bí eyín bá mì tó sì bọ́ fúnra rẹ̀ láìjẹrà, kòkòrò tó lé eegun rẹ̀ sá ṣì wà lẹ́nu, lára àwọn eyín tó kù. Gbígbin implant sínú irú ẹnu bẹ́ẹ̀ láìkọ́kọ́ wo èrìgì sàn, owó ṣíṣòfò ni. Mo máa ń bẹ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe nǹkan fún òbí wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ sanwó fífọ eyín tó kù dáadáa, kí wọ́n dúró títí èrìgì á fi dẹ́kun ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ implant. Inú wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ dùn sí i, nítorí ó ń gba oṣù mélòó kan. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀ síbẹ̀.

Sìmẹ́ńtì ni mo fẹ́ pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó ń fura sí i. Ọ̀nà méjì la lè gbà de kráùn mọ́ implant: kí a fi síkúrù dè é láti òkè wá, tàbí kí a fi sìmẹ́ńtì eyín lẹ̀ ẹ́ mọ́ abutment, ọ̀pá kékeré tó ti inú implant yọ sókè. Èyí tí a bá fi sìmẹ́ńtì lẹ̀, bí a ṣe ń tẹ kráùn wọlé ni àjẹkù sìmẹ́ńtì ń fún jáde ní etí rẹ̀. Bí etí náà bá hàn síta, tàbí tí kò ju mìlímítà kan lọ lábẹ́ èrìgì, a lè rí i ká sì há a kúrò. Bó bá wà ní mìlímítà méjì tàbí mẹ́ta nísàlẹ̀, ojú kò tó o, irin kò sì dé e. Èyí tó kù níbẹ̀ á gan, ojú rẹ̀ á rí ṣákaṣàka, kòkòrò á sì rí ibi dì mọ́. Ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í da èrìgì láàmú láàárín oṣù díẹ̀. Ó sì lè gbà tó ọdún mélòó kan kó tó hàn, nígbà tí gbogbo èèyàn á ti máa dá ọjọ́ orí tàbí oúnjẹ lẹ́bi.

Fún ẹni tó ń gbé níbi tó jìnnà sí dókítà tó gbin implant rẹ̀, mo fara mọ́ síkúrù. Kráùn onísíkúrù ṣeé tú, ṣeé fọ̀, ṣeé dá padà, láìba nǹkan jẹ́. Ẹ béèrè fún un bí ipò eyín náà bá gbà. Bó bá jẹ́ sìmẹ́ńtì ni dandan, kí wọ́n lo díẹ̀, ní etí inú kráùn nìkan. Kí wọ́n lo oríṣi tó máa ń hàn nínú X-ray, bíi zinc phosphate, nítorí ọ̀pọ̀ nínú sìmẹ́ńtì oní-resin kì í hàn. Kí wọ́n fi òwú eyín yí ìdí kráùn ká, kí wọ́n sì fà á síwá sẹ́yìn. Kí wọ́n ya X-ray kí ẹ tó dìde lórí àga. Fọ́tò yẹn á ṣiṣẹ́ méjì: á fi àjẹkù sìmẹ́ńtì hàn, á sì di àkọsílẹ̀ ọjọ́ kìíní.

Síkúrù náà ní tirẹ̀. Àlàfo kékeré wà níbi tí abutment ti wọ inú implant, kòkòrò sì ń gbé inú rẹ̀. Bí abutment bá tẹ́ẹ́rẹ́ ju orí implant lọ, àlàfo náà á sún kúrò lẹ́bàá eegun, eegun etí á sì dúró dáadáa jù. Bí síkúrù bá tú díẹ̀, àlàfo á fẹ̀, á máa fa omi ẹnu sínú, á máa tì í jáde bí èèyàn ṣe ń jẹun. Òórùn burúkú láti ibì kan ṣoṣo lẹ́nu sábà máa ń jẹ́ àmì rẹ̀. Ìwọ̀n Ncm tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ sílẹ̀ ni kí wọ́n fi dè é, èyí tó sábà máa ń wà láàárín 15 sí 35, pẹ̀lú irin tó ń ka ìwọ̀n náà. Lẹ́yìn tí wọ́n bá dè é tán, kí wọ́n dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n tún dè é lẹ́ẹ̀kan sí i ní ìwọ̀n kan náà, nítorí ojú irin máa ń jókòó sínú ara wọn, ìdè àkọ́kọ́ á sì dẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó fi ọwọ́ lásán dè é kò mọ ohun tó dè.

Àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n gbin implant ni wọ́n ti pinnu rẹ̀, kò sì sí bí aláìsàn ṣe lè fọ eyín kúrò nínú rẹ̀. Ooru ni ọ̀kan. Ìwádìí tí Eriksson àti Albrektsson ṣe lára eegun ehoro ní 1983 fi hàn pé bí eegun bá gbóná dé 47°C fún ìṣẹ́jú kan, ó ti ń bà jẹ́. Irin tí wọ́n fi ń lu eegun gbọ́dọ̀ mú, omi iyọ̀ tí kò ní kòkòrò gbọ́dọ̀ máa ṣàn sórí rẹ̀ láìdáwọ́ dúró, kí irin náà máa yí ní nǹkan bí ìgbà 800 sí 1,200 ní ìṣẹ́jú kan, kí ọwọ́ máa gbé e sókè-sódò dípò kó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú kan. Eegun iwájú àgbọ̀n ìsàlẹ̀ le, ibẹ̀ ló sì rọrùn láti jó. Irin ìlu tó ti kú ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí nígbà tí implant bá mì láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìtíì jẹun. Bí wọ́n bá yí implant le jù sínú eegun líle náà, eegun etí á fún pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní í dé ibẹ̀. Nǹkan bí 35 Ncm ti tó kó dúró. Mi ò rí èrè nínú kí ó kọjá 50.

Ààyè ni èkejì. Kí implant jìnnà sí eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní mìlímítà kan ààbọ̀ ó kéré tán, kí implant méjì sì fi mìlímítà mẹ́ta jìnnà síra wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, eegun tó wà láàárín wọn á lọ sílẹ̀. Ní apá ètè, kí eegun tó bo implant níwájú nípọn tó mìlímítà méjì. Bó bá tẹ́ẹ́rẹ́, yóò yọ́ láìsí kòkòrò kankan, àwọ̀ eérú irin á sì máa hàn lábẹ́ èrìgì. Bí implant bá sì rì sísàlẹ̀ jù, kòtò èrìgì á jìn láti ọjọ́ kìíní, kò sì sí búrọ́ọ̀ṣì tó lè dé ìdí rẹ̀. Èrìgì náà ṣe pàtàkì: kí èyí tó le, tí kì í mì bí a bá fa ètè, tó mìlímítà méjì yí i ká. Níbi tí kò bá sí, fífọ eyín á máa dun olówó rẹ̀, kò sì ní í pẹ́ tí á fi yẹra fún ibẹ̀.

Ní ti àgbára ìjẹ, mo gbọ́ tí ọ̀pọ̀ ń sọ pé ẹran líle ló fa eegun sá. Kò sí ẹ̀rí tó dájú lára èèyàn pé àgbára ìjẹ nìkan ló ń yọ́ eegun níbi tí èrìgì bá ti mọ́ tónítóní. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń tú síkúrù, ó ń ṣẹ́ kráùn, ó sì ń fi kún wàhálà tí kòkòrò bá ti dá sílẹ̀. Eyín àdámọ́ni máa ń rì díẹ̀ bí a bá gé nǹkan jẹ, nǹkan bí 25 sí 100 nínú ìdá ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan. Implant kì í ju 3 sí 5 lọ. Bí dókítà bá jẹ́ kí kráùn implant ga bákan náà pẹ̀lú àwọn yòókù, òun nìkan ni yóò máa ru ẹrù nígbà tí eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá rì. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń wò ó ni bébà irin tín-ín-rín: bí ẹ bá pa ẹnu dé jẹ́jẹ́, kó yọ láàárín kráùn náà láìhá, bí ẹ bá tẹ eyín mọ́ra gidi, kó há. Ìyá tàbí bàbá tó ń lọ eyín lójú oorun nílò ohun ìbo eyín tí wọ́n á máa fi sùn. Iyán kò ṣe implant ní nǹkan kan. Fífi eyín fọ́ èkùrọ́, ṣíṣí ìdérí ìgò àti fífọ́ eegun ẹran ni kí ẹ fi sílẹ̀.

Ara aláìsàn náà ní ìpín tirẹ̀. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ lè ṣe implant, bí ṣúgà rẹ̀ bá wà ní ìkáwọ́: HbA1c tí kò ju 7% lọ ni mo fẹ́ rí, bó bá sì ti kọjá 8%, kí wọ́n sún un síwájú. Àyẹ̀wò ṣúgà òwúrọ̀ kan ṣoṣo kò tó, nítorí HbA1c ló ń sọ bí nǹkan ti rí fún oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn. Sìgá àti tábà ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń dé èrìgì kù, wọ́n sì ń bo àmì mọ́lẹ̀, nítorí èrìgì amusìgá kì í tètè ṣẹ̀jẹ̀ bí ti ẹlòmíràn. Áṣáà tí àwọn àgbà ń fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ èrìgì náà, ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ìhà tí implant wà. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ zoledronic acid tàbí denosumab nítorí jẹjẹrẹ, kí ó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan eegun ẹnu rẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà jẹjẹrẹ àti dókítà eyín rẹ̀ ti bá ara wọn sọ̀rọ̀, torí eegun àgbọ̀n lè kú. Ẹni tó ń lo hóró alendronate fún eegun gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti fi ìtànṣán wo orí tàbí ọrùn rẹ̀ rí náà gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS wà nínú àwọn tó yẹ kí wọ́n jókòó ti dókítà pẹ́ kí wọ́n tó pinnu, nítorí ìgbà tí ara bá ń dùn wọ́n, ẹ̀jẹ̀ lè má dé eegun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ dáadáa.

Nípa fífọ̀, orín àtà àti pákò ń ṣiṣẹ́ wọn ní iwájú eyín, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni jù ú nù. Ṣùgbọ́n kò lè wọ abẹ́ kráùn níbi tí ìdọ̀tí ń sá pamọ́ sí, láàárín implant àti eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré tí wọ́n fi ń fọ àárín eyín, èyí tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísìtì ńlá ní Lọ́kọ́jà, Ìlọrin tàbí Àbújá, ni iṣẹ́ yẹn wà fún. Ẹ yan èyí tí wọ́n fi rọ́bà bo wáyà àárín rẹ̀, nítorí wáyà ṣófo ń ha titanium. Ìwọ̀n tó yẹ ni èyí tó bá wọlé pẹ̀lú ìdènà díẹ̀: bó bá yọ̀ kọjá, ó kéré; bí ẹ bá ní láti fi agbára tì í, ó tóbi. Ẹ tì í wọlé láti ìta, lẹ́yìn náà láti inú, ẹ fà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin sí márùn-ún ní ìhà kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, ní alẹ́. Òwú eyín tó bá ti fà ya, ẹ jù ú nù kíá, nítorí fọ́nrán rẹ̀ lè há mọ́ ojú implant lábẹ́ èrìgì kó máa fa wíwú. Ẹyọ ọwọ̀ tí a fi ń ta eyín lẹ́yìn ẹran, ẹ má ṣe jẹ́ kó súnmọ́ ibẹ̀ rárá. Àgbàlagbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tàbí tí oríkèé rẹ̀ ń dùn, ẹ fi aṣọ tàbí rọ́bà wé ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì kó lè nípọn. Bí kò bá sì lè ṣe é mọ́, kí ẹni tó ń gbé pẹ̀lú wọn kọ́ ọ lójú dókítà. Ọmọ tó sanwó implant fún ìyá tó ń dá gbé ní abúlé láìronú ẹni tí yóò máa bá wọn fọ̀ ọ́, iṣẹ́ náà kò tíì parí.

Ní ti wíwọ̀n, ohun méjì ló wà: irin tẹ́ẹ́rẹ́ alámì mìlímítà àti X-ray. Kí wọ́n fi irin náà yẹ ojú mẹ́fà wò yí implant ká, ní fífọwọ́ bà á jẹ́jẹ́, àgbára tí kò ju ti nǹkan gíráàmù 25 lọ. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀. Nọ́ńbà kan lójú kan kò sọ púpọ̀, nítorí implant tí wọ́n gbìn jìn lè ní mìlímítà mẹ́rin tàbí márùn-ún láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí à ń wá ni kó máa pọ̀ sí i, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Lára X-ray, kí ìlà síkúrù tó wà lára implant hàn kedere ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bó bá rí bàìbàì, a ya fọ́tò náà dàgẹ̀rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ kò ṣeé gbára lé. Bí fọ́tò bá sọ implant di ńlá, gígùn tó wà nínú ìwé ni a fi ń tún un ṣe: implant mìlímítà 10 tó hàn bí 11.5, tí eegun sì dà bíi pé ó ti lọ sílẹ̀ ní 2.3, ẹ sọ 2.3 di ìlọ́po 10, ẹ fi 11.5 pín in, ó jẹ́ mìlímítà 2. Ẹ rántí pé fọ́tò kékeré yìí kò fi eegun apá ètè àti apá ahọ́n hàn, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nìkan ló ń fi hàn.

Bí kò bá sí fọ́tò àtijọ́ rárá, òṣùwọ̀n kan wà tí ìpàdé àgbáyé lórí àrùn èrìgì ṣe ní 2017: bí ẹ̀jẹ̀ tàbí ọyún bá ń jáde, tí kòtò tó mìlímítà mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀, tí eegun sì wà ní mìlímítà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ sísàlẹ̀ orí ibi tó yẹ kó wà lára implant, a gbà pé àrùn ti ń jẹ eegun náà. Òṣùwọ̀n yìí ni àwọn èèyàn wa tí kò níwèé ń bọ́ sí. Ó bani lọ́kàn jẹ́, nítorí kó tó di mìlímítà mẹ́ta, a ti pàdánù àkókò tí ìtọ́jú fi rọrùn.

Ẹ má fi oògùn kẹ́mísìtì dáwọ́ lé e. Amoxicillin àti metronidazole lè mú kí ọyún gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tàbí sìmẹ́ńtì tó fa á ṣì wà níbẹ̀, ó sì ń yọ́ eegun lọ ní ìdákẹ́jẹ́. Álọ́ọ̀mù àti ògógóró kì í dé ìsàlẹ̀ kòtò. Ìtọ́jú gan-an ni kí wọ́n tú kráùn bó bá ṣeé tú, kí wọ́n fi irin titanium tàbí ti rọ́bà líle há ara implant, tàbí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ìyẹ̀fun glycine, kì í ṣe irin líle tí wọ́n fi ń fọ eyín, nítorí yóò ha á. Kí wọ́n wò ó padà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá. Bí kòtò bá ti wá sí mìlímítà márùn-ún tàbí kó kéré sí i, tí ọyún kò sí mọ́, tí ẹ̀jẹ̀ kò ju ojú kan lọ, ó di fífọ̀ ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Bó bá ṣì jẹ́ mẹ́fà tó ń ṣẹ̀jẹ̀, iṣẹ́ abẹ ló kù: kí wọ́n ṣí èrìgì, kí wọ́n fọ ojú irin kedere. Níbi tí eegun bá ti jẹ ní kòtò tí ògiri rẹ̀ ṣì wà yíká, wọ́n lè fi eegun kún un. Níbi tó bá ti lọ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, fífi kún un kì í dúró; wọ́n á dín èrìgì kù, wọ́n sì lè yún ìlà síkúrù tó yọ síta kó dán, pàápàá ní ẹ̀yìn ẹnu tí ojú kì í tó.

Implant tó bá mì fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé síkúrù kráùn ló tú, ti já kúrò lára eegun, kò sì sí ohun tó lè mú un padà. Kí wọ́n kọ́kọ́ tú kráùn wò dáadáa kí wọ́n tó dá a lẹ́jọ́, nítorí síkúrù tó tú máa ń jọ implant tó ti já. Bó bá jẹ́ implant ni lóòótọ́, tàbí tí eegun tó kù kò tó ìdá mẹ́ta gígùn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ kíákíá, kí eegun tó kù má bàa tún jẹ. Wọ́n ní irin tí wọ́n fi ń yí i sódì jáde láìlu eegun púpọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fún ojú ibẹ̀ ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kó jinná, ẹ ya X-ray tuntun, kí ẹ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ implant mìíràn. Ìwé tuntun náà, ẹ gbà á kí ẹ tó wọ mọ́tò padà sí Kàbà.